Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìjákulẹ̀, Iyèméjì àti Ìpinnu

  

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni bí èèyàn ṣe lè máa gbé pẹ̀lú ìjákulẹ̀ ojoojúmọ́, pẹ̀lú iyèméjì nípa ara rẹ̀, kó sì máa ṣe ìpinnu tí kò ní kábàámọ̀, láìjẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ibi tó ti dun ọ̀pọ̀ ilé ní Ọjọ́, ní Ìbà àti ní Òkókómaíkò nílùú Èkó ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì tí àjọ JAMB ṣe lọ́dún 2025.

Ẹ rántí bó ṣe lọ. Èsì ìdánwò náà jáde lóṣù Karùn-ún. Àwọn ọmọ tó ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì jákèjádò Nàìjíríà, máàkì 400 sì ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì jọ, nǹkan bí ẹnì kan péré nínú márùn-ún ló gba 200 sókè. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ọmọ ìwòyí kò kàwé mọ́, fóònù ló ti bà wọ́n jẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń dunnú pé ìdánwò ti wá mọ́ láìsí màgòmágó, pé ìdí nìyẹn tí àwọn olódo fi hàn síta. Ọmọ tó ti fọkàn sí LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tó sì mọ̀ pé 195 ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, wo fóònù, ó rí máàkì tí kò sún mọ́ ọn rárá.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ JAMB nígbà náà, dúró níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá, ó sì bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wáyé. Àtúnṣe kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣe sí àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń darí ìdánwò náà; wọ́n ṣe é síbi kan, wọn kò ṣe é sí èyí tó ń bójú tó Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ibùdó ìdánwò 157 lọ̀rọ̀ náà kàn, 65 nínú wọn wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó wa níbí. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe, 206,610 nínú wọn ló sì jẹ́ ti Èkó. Ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ọmọ tí wọ́n ti fi ọjọ́ mélòó kan pè ní olódo, tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣiṣẹ́ òdì.

Kí ìjẹ́wọ́ yẹn tó wáyé, àwọn ìwé ìròyìn ti gbé e pé ọmọ kan ní ìpínlẹ̀ wa yìí gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó rí èsì náà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀, nítorí ọgbẹ́ náà kò tíì jinná lára àwọn tó ni í.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró síbí díẹ̀. Kí ni fóònù fi han àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gan-an? Nọ́ńbà ni. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, inú ọmọ ló ti wá: "Olódo ni mí. Gbogbo owó tí màmá mi rí nídìí gàrí títà ni mo fi ṣòfò. Ẹgbẹ́ mi ti wọ LASU, èmi ṣì wà nílé. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo bàbá mi?" Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí JAMB fi ránṣẹ́. Ọmọ náà ló pe ẹjọ́, òun ló rò ó, òun náà ló dá a, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì pe ẹlẹ́rìí kankan. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹlòmíì la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ara wa ni mo fẹ́ ká pa á fún lónìí, nítorí kò sí ẹni tí a ń hu ìwà òṣìkà yẹn sí tó ara wa.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe àwọn ọmọ Èkó. Ọmọ tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin ńkọ́, tí èsì tirẹ̀ péye? Ìbéèrè tó dáa ni. Nọ́ńbà ti onítọ̀hún kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ńbà náà sọ kò ju pé, lọ́jọ́ yẹn, lórí àwọn ìbéèrè yẹn, ibi tó gbà á dé nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé kò kàwé tó. Ó lè jẹ́ pé kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá, tàbí pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn fún un kọ́ ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ló ní ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. "Olódo ni mí" nìkan ni kò sí ohun tí a lè ṣe sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló ń pani lára jù.

Dókítà Amẹ́ríkà kan, Aaron Beck, tó kú ní 2021 lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún, ló fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà ní Philadelphia, ó kíyè sí i pé èrò kan máa ń sáré gba orí wọn kọjá, ó máa ń yá débi pé wọn kì í mọ̀ pé èrò ni. Òtítọ́ ni wọ́n kà á sí. Ìtọ́jú tó gbé kalẹ̀ ni pé kí dókítà àti aláìsàn jọ mú èrò náà wá sí gbangba, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀rí rẹ dà? Kí ló tún lè fa nǹkan yìí? Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí nípa ara rẹ̀, kí ni wàá sọ fún un? Àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ló ń lo ọ̀nà yìí lónìí. Àwọn àgbà tó ń parí ìjà ládùúgbò wa kò ní rí i bí ohun àjèjì, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gba àre kó máa lọ.

Ìdààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a, ẹjọ́ wọn sì jọra: orí ń gbóná, ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ṣú wọn, wọ́n á ka ojú ìwé kan ní àkàtúnkà, kò ní wọlé. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa àìsàn náà, ó pè é ní brain fag, orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é.

Ohun tó ń mú mi padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni irú ọmọ tó ń ṣe. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ tí ẹbí dáwó rán níwèé ni, tí gbogbo agbolé ń retí pé wọn yóò padà wá gbé àbúrò dìde, tí kò sì sí ẹlòmíì nínú ilé tó mọ̀wé tí wọn ìbá fọ̀rọ̀ lọ̀. Àwọn kan ń lo oògùn kí oorun má baà kùn wọ́n, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn nídìí ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Mórákinyọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tún tú ọ̀rọ̀ náà wò ní àwọn ọdún 1980. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn ní 1994, bí ohun tó jẹ́ ti àwọn ènìyàn ibì kan. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọn kò kà á sí àìsàn tó dá dúró mọ́. Lójú tèmi, wọ́n ṣe dáadáa. Ọpọlọ ọmọ adúláwọ̀ kì í ṣe aláìlágbára fún ìwé. Ẹni yòówù tí a bá di ẹrù ilé mẹ́wàá lé lórí, tí a ní kó máa sáré, orí rẹ̀ á gbóná.

Iyèméjì kì í sì í ṣe ti ẹni tó kùnà nìkan. Ní 1978, àwọn obìnrin méjì, Pauline Clance àti Suzanne Imes, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó ti ṣàṣeyọrí lẹ́nu ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́, síbẹ̀ tí ọkàn wọn ń sọ fún wọn pé èrú ni wọ́n fi dé ibẹ̀, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àṣírí á tú. Mo ń rí irú wọn níbí: ọmọbìnrin tó gba ipò kìíní, tó ní "orí ló bá mi ṣe é," tí kò sì jẹ́ nawọ́ nínú kíláàsì láéláé. Orí bá a ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń jí láago mẹ́rin òwúrọ̀ lọ sídìí ìwé?

Mo ní láti yà síbì kan kí ọ̀rọ̀ mi má baà di ìwàásù tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Kì í ṣe inú orí ni gbogbo ìjákulẹ̀ wà. Ọ̀nà tó bàjẹ́, ó bàjẹ́ ni. Ní 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé iṣẹ́ fífẹ òpópónà Àgbádárìgì dé Òkókómaíkò síta, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin láàárín rẹ̀. Kìlómítà 27 ni ojú irin náà láti Marina dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣí apá àkọ́kọ́, kìlómítà 13, tó dé Mile 2. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní Òkókómaíkò lọ́dún tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà síta ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Mile 2. Tí ẹnìkan bá wá dúró níwájú ẹni tó ti lo gbogbo ọdún yẹn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibùdókọ̀ Volkswagen àti Iyànà-Ìbà, tó ní kó ṣáà máa ro rere, ó bú u ni. Sùúrù dára. Ṣùgbọ́n a kì í fi sùúrù aráàlú bo ẹ̀bi aláṣẹ mọ́lẹ̀.

Ẹ tún wo LASU, tí gómìnà Lateef Jákàńdè dá sílẹ̀ ní 1983 kí ọmọ mẹ̀kúnnù lè rí yunifásítì lọ. Ní 2011, owó ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ fò láti 25,000 náírà sí 193,750 fún àwọn ẹ̀kọ́ kan, ti àwọn mìíràn sì lé ní 340,000. Àwọn tó ń wọlé dín kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dákẹ́. Wọ́n fẹ̀hónú hàn títí tí ìjọba gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fi dá owó náà padà sí 25,000 ní 2014. Ká ní kálukú jókòó sílé tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé "òtòṣì ni mí, yunifásítì kì í ṣe tèmi," ta ni ìbá bá wọn jà? Ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lẹ́bi ohun tí ẹlòmíì ṣe kì í rí agbára láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdí pàtàkì nìyẹn tí mo fi ń ní kí a yẹ ẹjọ́ náà wò dáadáa. Ọwọ́ ta ni àtúnṣe rẹ̀ wà? Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi, kí n dìde ṣe é. Bó bá jẹ́ ọwọ́ aláṣẹ, kí èmi àti aládùúgbò mi pawọ́ pọ̀ lọ bá a. Bí kò bá sí lọ́wọ́ ẹnì kankan, kí n sunkún tó tó, kí n sì gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ibi tí a ti ń ṣe àṣìṣe ni pé a kì í bínú sí ẹni tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Bàbá kan jáde nílé ní Ìgbó-Elérin láago márùn-ún kù díẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ní kò sí ṣéńjì. Ọkọ̀ kò rìn láti Alákijà dé Mile 2. Ó pẹ́ débi iṣẹ́, ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ gún un lára níwájú àwọn ọmọ kékeré. Kò lè fèsì, nítorí oṣù ń parí lọ. Alẹ́ lẹ́, ọ̀nà tún rí bó ṣe rí láàárọ̀. Nígbà tó máa fi wọlé láago mẹ́sàn-án, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méje sáré pàdé rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Tíṣà ní kí n mú owó ìwé wá lọ́la." Ìgbátí ló fi dá a lóhùn. Ọmọ yẹn kò sí lójú ọ̀nà láàárọ̀. Kì í ṣe òun ló gbẹ́ ihò sí òpópónà. Gbogbo ìbínú tí bàbá rẹ̀ kò lè bí sí àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́, ara ẹni tí kò lè dá a padà ló sọ ọ́ sí.

Mi ò ní kí bàbá yẹn má bínú. Ìbínú tọ́ sí i. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín géètì àti pálọ̀. Kó jókòó níta, kó bọ́ bàtà, kó mu omi, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó bí i nínú: "Ọ̀nà ni. Ọ̀gá mi ni." Bó bá wọlé, kó sọ fún ìyàwó rẹ̀: "Ìyá Bọ̀dé, ojú ọ̀nà ti mú mi lónìí, jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé." Ọkùnrin tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kò di ojo. Ilé rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àwa tí a máa ń wá ẹni tó fà á kiri. Ọjà kò tà, ọmọ kò wọ yunifásítì, ìyàwó kò tíì lóyún, a sì gba ibi àdúrà lọ, ẹnìkan tó ní òun ríran sọ fún wa pé àǹtí wa kan tó dúdú tó sì ga ló wà nídìí rẹ̀. Ilé dàrú. Ẹni ẹlẹ́ni kò mọ ohun tó ṣe tí a kò fi kí i mọ́. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí a kò gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́ ni, yálà orí ara wa la gbé e lé tàbí orí àǹtí wa.

Mo wá dé ìdí ìpinnu. Ẹ jẹ́ kí a mú ọjà Alábà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà di 488 ní Èkó. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì ti lé ní 1,500 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Ọjà tó ti òkè òkun wá ni èyí tó pọ̀ jù ní Alábà. Ẹni tó ta tẹlifíṣọ̀n mẹ́wàá tán, tó ka owó rẹ̀, tó sì lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní báyìí, rí i pé owó mẹ́wàá kò ra márùn-ún mọ́.

Ẹ̀bi oníṣòwò yẹn kọ́. Síbẹ̀ ó ní ìpinnu láti ṣe, kíákíá sì ni. Ohun tí mo rí nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ni pé kì í ṣe àìmọ̀ ìṣirò ló ń kó àwọn èèyàn wa sí gbèsè jù lọ. Ìtìjú ni. Ọkùnrin kò fẹ́ kí aládùúgbò ìsọ̀ mọ̀ pé ọjà òun ti wọmi, ló bá lọ yá owó orí fóònù ní èlé gọbọi láti fi ra ọjà tó máa kún iwájú ìsọ̀. Nígbà tí kò rí i san, àwọn tó yá a lówó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀, pé olè ni. Ìtìjú tó ń sá fún gan-an ló wá bá a nílé. Ẹlòmíì ta ilẹ̀ tó ní ní Ìlógbò ní ìdajì owó nítorí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó àbúrò bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí ayé má baà rí i pé nǹkan ti yí padà.

Nítorí náà, kí n tó bi ara mi pé èrè mélòó ló wà nínú ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ta ni mò ń ṣe é fún. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "kí wọ́n má baà rí mi fín," mo mọ̀ pé kò tíì yẹ kí n fọwọ́ sí i. Ẹni tí ebi ń pa, ẹni tí inú ń bí, ẹni tí ojú ń tì, kó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi sùn. Kò sí òǹtajà gidi tí kò ní lè dúró di ọ̀la. Ẹni tó bá ní "bí o kò bá san án kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ nìyẹn," ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Oríṣi ìpinnu kan tún wà tó ń jẹ ọ̀dọ́ wa lọ́dún. Ọmọ fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn. Ó ṣe JAMB, kò wọlé. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Nígbà tí ẹnìkan bá dábàá pé kó gba ẹ̀kọ́ nípa bíbójú tó oúnjẹ àti ara, tàbí kó lọ kọ́ títún ẹ̀rọ ṣe, ó ní, "Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti lò sí i yìí?" Àwọn ọdún yẹn ti lọ. Yálà ó dúró, yálà ó yà, wọn kò ní padà. Ọdún tó ń bọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ná. Bó bá wò ó dáadáa tó sì rí i pé ìṣègùn náà ṣì ni, kó máa bá a lọ, kó sì yí ọ̀nà tó fi ń kàwé padà. Bó bá jẹ́ pé nítorí ohun tí ó ti sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe ń dúró, kó gbé e sílẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kó wá ẹni tó ti gba ọ̀nà méjèèjì rí, kó bi í.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé ibi kan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi ń forí lé. Èèyàn kò lè jẹ́ ẹlẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí àti adájọ́ fún ara rẹ̀. Ó ní láti wá ẹnìkejì. Dókítà ọpọlọ kan ní Zimbabwe, Dixon Chibanda, pàdánù ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń tọ́jú ní 2005. Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ tí wọn ìbá fi wá bá a nílé ìwòsàn. Owó ọkọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ṣíbírì jáde mọ ohun tí mò ń sọ. Chibanda ronú pé bí àwọn èèyàn kò bá lè wá bá dókítà, kí ìtọ́jú lọ bá wọn. Ó kó ìyá àgbà mẹ́rìnlá jọ ní Mbare, àdúgbò mẹ̀kúnnù kan ní Harare, ó kọ́ wọn níṣẹ́, ó sì gbé bẹ́ńṣì onígi kalẹ̀ fún wọn ní ibùdó ìlera. Ẹni tí ìrònú bá ti pọ̀ jù fún á wá jókòó tì wọ́n. Ìyá àgbà á ní kó ka gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, kó mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí wọ́n sì jọ wá ohun kan tó lè ṣe sí i kí ó tó padà wá. Ó tán. Ní 2016, ìwé àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kan tó lókìkí gbé àbájáde ìwádìí lórí ẹni 573 jáde: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi púpọ̀ yá jù ú.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn Arò wọ̀ sáàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó mọ̀ pé ọkàn tó dàrú kì í yá nínú yàrá àtìmọ́lé.

Ẹ̀yin òbí, lọ́jọ́ tí ọmọ bá gbé ìròyìn burúkú wálé, mo bẹ̀ yín, ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó bi í léèrè. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ẹ má fi ọmọ aládùúgbò ṣe àpẹẹrẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó kọjá ìjókòó àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Bí oorun bá ti dá lójú ẹnìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí oúnjẹ kò bá wù ú mọ́, bí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ bá ti sú u, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó sàn kí òun kú, ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá ti wà láti 1907, ó sì ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé tí a bá dárúkọ Yábàá, ẹ̀rín làwọn kan máa ń rín. Ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn tán. Òfin 1958, tó pe aláìsàn ní wèrè nínú orúkọ rẹ̀ gan-an, ni a lò títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Lábẹ́ òfin náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ tàbí ilé lọ́wọ́ èèyàn nítorí pé ó ṣàìsàn ọpọlọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọkàn yín bá sọ lóru pé ó ti parí, ẹ má gbọ́ ẹjọ́ yẹn nìkan. Ẹ ji ẹnìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ aago méjì òru.

Mo fi ẹ̀bẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọjọ́, sí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìbà, àti sí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa gbogbo. A ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. A ní àwọn ìyá àgbà, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n gbọ́n tí wọ́n sì lè pa àṣírí mọ́. Ẹ kó wọn jọ, ẹ wá dókítà tó máa kọ́ wọn, ẹ gbé bẹ́ńṣì kan síbẹ̀. Kí ẹ fi ibùdó ìlera kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí.